Fèrèsé Kọ̀ọ̀kan sí Àyè Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé owó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa

Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe ń to ìwé owó ẹgbẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ná.

Ẹ rántí ìpàdé tí mo ka orúkọ ìyá wa kan mọ́ àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè. Màmá kò jiyàn. Wọ́n kàn dìde, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí èmi náà délé, mo yẹ ìwé báńkì wò: Màmá ti san owó ọdún náà pé. Èmi ni mo kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹlòmíràn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó bá ènìyàn láwùjọ, ẹ̀bẹ̀ inú yàrá kò lè tán an. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ níwájú gbogbo yín lónìí.

Báwo ni àṣìṣe náà ṣe wáyé? Mọ́nítọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì mi. Mo rò pé bó bá ti pé méjì, wàhálà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fèrèsé ni wọ́n ń pe àyè tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń ṣí sí lójú kọ̀ǹpútà. Tèmi gun orí ara wọn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lórí okùn. Ìwé báńkì bo apá kan ìwé orúkọ. Mo fa èyí, mo ti tọ̀hún, ojú mi sì fo ìlà kan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò tí yóò máa bá mi to fèrèsé. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n polówó pé ọ̀fẹ́ ni, mo sì gbà á wọlé. Àwọn tó bá a wọlé pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ìpolówó ọjà ń yọ sí mi láàárọ̀ lálẹ́, lójú kọ̀ǹpútà tí orúkọ àti owó yín wà! Ọmọbìnrin mi ló bá mi yọ ọ́ kúrò. Ó ní, "Dádì, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò yín." Inú mi dùn pé ó ṣì mọ òwe náà.

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà Windows 7, tí ó jáde ní 2009, ni irú ètò yìí ti wà nínú Windows. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí àmì Windows wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ ọfà òsì: fèrèsé tí ẹ ń lò yóò lẹ̀ mọ́ ìdajì apá òsì. Ọfà ọ̀tún yóò gbé e sí ọ̀tún. Bí ẹ bá fi Shift kún un, yóò fò lọ sórí mọ́nítọ̀ kejì. Windows 10, ní 2015, mú kí ó ṣeé ṣe láti to fèrèsé mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Windows 11, tí ó jáde ní 2021, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú Z, yóò fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí ẹ lè gbà tò wọ́n hàn yín.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé. Nínú Settings, lábẹ́ Display, ẹ ó rí àwòrán àwọn mọ́nítọ̀ yín pẹ̀lú nọ́ńbà 1 àti 2. Ẹ fi máòsì tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó lórí tábìlì gan-an. Bí èyí tó wà lọ́tùn-ún bá wà lósì nínú àwòrán, ẹ ó máa fa fèrèsé lọ sí ọ̀tún, kò ní í kọjá.

Bí mọ́nítọ̀ yín bá fẹ̀, tí ẹ fẹ́ pín in bó ti wù yín, PowerToys ni kí ẹ wá. Microsoft ló ṣe é, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. FancyZones ni apá rẹ̀ tó ń to fèrèsé. Ẹ ó fúnra yín pààlà sí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín oko. Lẹ́yìn náà, ẹ di Shift mú bí ẹ ti ń fi máòsì fa fèrèsé; ààlà yóò hàn, ẹ ó sì gbé e sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Mac, ẹ̀dà Sequoia ti 2024 ní irú rẹ̀ nínú; ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo Rectangle, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Kí ẹ tó gba ètò kankan wọlé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ọwọ́ ẹni tó ṣe é gan-an ni mo ti ń gbà á? Ṣé ó lè to mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀? Kí ló lè ṣe tí èyí tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi kò lè ṣe? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, ẹ fi owó yín sápò.

Ní báyìí, ìwé báńkì wà lórí mọ́nítọ̀ òsì. Ìwé orúkọ àti rìsíìtì pín ti ọ̀tún sí méjì. N kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ àfi bí mo bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ ènìyàn ló wà. Màmá wa wà níbí lónìí. Màmá, ẹ kò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, ẹ kò sì jẹ ẹ́ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, ilé mi ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ wa kò ní í tú.