Bí Ó Ti Yẹ Kí A Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Àkókò Ìbò

Àwọn baba wa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, nígbà tí ìbò bá dé, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì bá ń la ọ̀rọ̀ ìlú yé wa, ó tọ́ kí a tẹ́tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tọ́ pẹ̀lú kí a yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìmọ̀ lè ṣe fún wa. Ní 2015, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìbò ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 67. Àwọn tí ó dìbò yan ààrẹ sì lé ní mílíọ̀nù 29. Ní 2023, orúkọ ti lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dìbò kò pé mílíọ̀nù 26. Èéṣe tí orúkọ fi ń pọ̀ sí i, tí àwọn olùdìbò sì ń dínkù? Irú ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá wa tú, ju kí wọ́n máa sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò wọlé.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, onímọ̀ ìṣèlú, ni alága àjọ tí ó ṣe ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Ìjọba ológun dá ìkéde èsì dúró, ó sì fagi lé ìbò náà. Ní 2008 ni Nwosu tó tẹ ìwé jáde pé M. K. O. Abíọ́lá ni ó borí. A mọ̀ pé ìbọn ni ó ń ṣe àkóso ìlú nígbà náà. Síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé, Abíọ́lá ti wà nínú ibojì láti 1998.

Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ kan ní Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, nítorí pé ó yí èsì ìbò ọdún 2019 padà. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn ni. Ó mọ ilẹ̀ tí irúgbìn lè hù sí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò dá a dúró nígbà tí ìwé èsì dé ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀mọ̀wé bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun mẹ́ta: Kí ni ó rí, tàbí tí ó kà? Ǹjẹ́ ọ̀ràn náà wà nínú ohun tí ó kọ́? Ta ni yóò jèrè ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tí ó bá dáhùn láìbínú, ẹ jẹ́ kí a bu ọlá fún un. Ẹni tí ó bá fi oyè nìkan dá wa lóhùn, ẹ jẹ́ kí a kí i, kí a sì máa bá ọ̀nà wa lọ.