Láti Inú Ìgò sí Inú Ife
Àsọyé fún àwọn òbí ní Ládìpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lónìí kéré lójú: bí a ó ti ṣe gba ìgò wàrà lọ́wọ́ ọmọ, kí a sì fi ife rọ́pò rẹ̀. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ìgò ọmọ. Ṣùgbọ́n a kà nínú Ìwé Mímọ́ pé nígbà tí a gba ọmú lẹ́nu Ísáákì, àsè ńlá ni bàbá rẹ̀ sè. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ọmọ tí ó bá kúrò lẹ́nu ọmú láyọ̀ ti la ọ̀nà kan kọjá tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò là. Ọ̀nà náà ṣì léwu títí di òní, ìgò sì wà lára ohun tí ó mú un léwu.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí èyí: kò sí wàrà tí ó dàbí ti ìyá. Òun nìkan ni ó tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a fi oúnjẹ kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti ẹnu ọmú bọ́ sí ẹnu ife láì mọ ìgò rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá ń lọ sí ọjà, òmíràn ń lọ sí ibi iṣẹ́, òmíràn sì ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò ṣe wọ ilé wa. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo ń wí ni pé àlejò ni ìgò, ó sì yẹ kí àlejò ní ọjọ́ tí yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà ní 1893, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Ní 1933 ó kọ̀wé nípa àìsàn tí í mú ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí a sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́. Orúkọ tí àwọn Gã fún àìsàn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ní 1939, ní Singapore, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Rotary, ó sì pe àsọyé rẹ̀ ní Wàrà àti Ìpànìyàn, nítorí àwọn ọmọ tí ń kú lẹ́yìn tí a fi wàrà agolo aládùn rọ́pò ọmú ìyá wọn. Ní 1981, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé dìbò ní Geneva fún ìlànà tí yóò ká àwọn olùpolówó wàrà ọmọdé lọ́wọ́ kò. Òfin 41 ti 1990 tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, ẹni tí ó ti kọ́ni nípa ìlera ọmọdé ní Ìdí-Àràbà, nítòsí wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òfin tí ó di ẹnu olùpolówó kò lè bá wa fọ ìgò nínú ilé.

Ẹ wo ọjà Ládìpọ̀ yìí, níbi tí a ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ọ́ìlì dúdú wà nílẹ̀, eruku ń fẹ́. Ìgò bọ́ sílẹ̀, a nù ún mọ́ aṣọ, a sì dá a padà sí ẹnu ọmọ. Ọrùn ìgò tóóró, ọwọ́ kò wọ̀ ọ́. Ọmú rọ́bà sì ń pa ìdọ̀tí mọ́ sínú. Wàrà tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀ kan nínú oòrùn, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Ìgbẹ́ gbuuru yìí a máa pa ọmọ. Ife ní tirẹ̀ la ẹnu gbayawu: ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn dé ibi gbogbo nínú rẹ̀.

Ewu méjì mìíràn tún wà. Eyín ọmọ a máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọmọ tí ó ń sùn pẹ̀lú ìgò lẹ́nu, wàrà a dúró yí eyín rẹ̀ ká ní gbogbo òru, eyín iwájú ti òkè a sì kọ́kọ́ jẹrà. Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ tí ó bá ń mu ìgò wàrà màlúù léraléra a yó, kò ní í fẹ́ jẹun; wàrà màlúù kò sì ní èròjà irin púpọ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ọmọ a dínkù. Nǹkan bí ìdajì lítà lóòjọ́ tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e jókòó lórí itan, kí ó nàró. Ẹ bu wàrà díẹ̀ sínú ife kékeré, ẹ gbé etí ife lé ètè ìsàlẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí wàrà yóò fi kan ètè, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì fà á. Ẹ má ṣe dà á sí i lẹ́nu. Àwọn ìyá wa àgbà mọ bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a rọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè fún ọmọ pa. Nígbà tí ó bá mọ ife lò, ẹ mú ìgò kan kúrò lẹ́ẹ̀kan: kí ti ọ̀sán kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ti òwúrọ̀, kí ti alẹ́ gbẹ̀yìn, nítorí òun ni ó le jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí dágbére ní ọdún kan, kí ó má sì kọjá ọdún kan àti ààbọ̀.

Ní ti ife olọ́wọ́ méjì, ọlọ́mọrí, tí a ń tà fún ọmọdé, afárá ni ó jẹ́, kì í ṣe ilé. Èyí tí kì í dà sílẹ̀, fífà ni ọmọ ń fà á bí ìgò. Ẹ má jẹ́ kí ó máa gbé e kiri látàárọ̀ dalẹ́. Bí wàrà bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn.

Ìyá kan yóò wí pé, Bàbá, ìgò ni ó ń jẹ́ kí n rí ọwọ́ fi tajà. Òtítọ́ ni ó sọ. A lè fi ìgò sí ọmọ lẹ́nu kí a sì lọ. Ife kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí ènìyàn jókòó ti ọmọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí a bá di gbogbo rẹ̀ ru ìyá nìkan, ìgò kò ní í lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá ni mo bá wí gbẹ̀yìn. Ọkùnrin tí ó lè tú íńjìnnì palẹ̀ tí ó sì tún un tò lè mú ife ọmọ dání fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí bàbá kọ̀ọ̀kan gba ife kan ṣe lóòjọ́, kí ìyá àgbà gba òmíràn, ìyá ọmọ yóò sì rí ọwọ́ fi ṣe ìyókù. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ náà sí fún wa.