Ẹ Jẹ́ Kí A Pín Omi Kí Ọ̀dá Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé. Bí ọ̀dá bá dá, tí omi kò sì tó, ta ni yóò kọ́kọ́ bù ú, ta ni yóò sì dúró dè é?

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé Aṣéjìrẹ, níbi tí a ti sé e fún omi ẹ̀rọ Ìbàdàn, kí ó tó wọ igbó Ìjẹ̀bú, kí ó sì já sí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìsédò Aṣéjìrẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972, abẹ́ ìjọba kan náà ni Òṣogbo, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú wà, èyíinì ni Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976 a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ní 1991 Ọ̀ṣun yọ kúrò lára Ọ̀yọ́. A pín ilẹ̀, a pín ọ́fíìsì, a pín owó. Ṣùgbọ́n odò kò gbọ́ pé a ti pínyà.

Bákan náà ni ọ̀ràn Ọ̀yán. Ìsédò tí a ṣí níbẹ̀ ní 1983 wà lọ́wọ́ Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Omi tí àjọ náà bá tú sílẹ̀ ni ó ń ṣàn wọ odò Ògùn. Abẹ́òkúta ni ó ń kọ́kọ́ fà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà Èkó a fà á ní Akúte fún Ìjù àti Àdìyàn. Àwọn oko tí a fẹ́ fi í bomi rin pẹ̀lú ní ìpín tiwọn. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú àwo kan. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò bi ẹnìkejì léèrè. Bí òjò bá kọ̀, ẹni òkè lè bù ú tán kí ẹni ìsàlẹ̀ tó jí.

Àwa Ìjẹ̀bú ni ó yẹ kí ọ̀ràn yìí yé jù. A ti jókòó lójú ọ̀nà ọjà láàrin òkè àti ọ̀sà rí. Ọ̀ràn títì ọ̀nà náà ni ó sì di ogun Ìmàgbọ̀n pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1892. Lónìí, lójú odò Ọ̀ṣun, àwọn ará òkè ni wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwa ni a wà ní ìsàlẹ̀. Lójú odò Ògùn ẹ̀wẹ̀, Ìpínlẹ̀ wa ni ó wà lókè Èkó. Ohun tí a bá ń bèèrè lọ́wọ́ Ìbàdàn, a gbọ́dọ̀ lè fi í fún Èkó.

Ẹ má ṣe wí pé kò ṣeé ṣe. Ní 2018, nígbà tí ọ̀dá ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ àwọn ìsédò tí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ń mu, a fi òdiwọ̀n sí omi ẹnì kọ̀ọ̀kan: lítà 50 lójúmọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ Groenland, aládùúgbò ìlú náà, tú omi tí ó tó bílíọ̀nù 10 lítà sílẹ̀ fún un láti inú ìsédò tiwọn. Wọ́n lè ṣe é nítorí pé a ti ń wọn omi níbẹ̀, a sì mọ ìpín oníkálukú.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni mo dá. Èkíní, kí àwọn àjọ omi Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó, pẹ̀lú Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, máa pàdé lọ́dọọdún nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, kí wọ́n sì kọ ìpín sínú ìwé. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè ṣe ìdájọ́ òdodo. Èkejì, kí a máa ka ìwọ̀n omi ní gbangba, lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀kẹta, kí omi mímu àti ti ilé-ìwòsàn ṣáájú, kí oko tẹ̀lé e, kí ilé-iṣẹ́ ńlá gbẹ̀yìn. Bí a óò bá sì dín in kù, kí a dín ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan náà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Lóòótọ́, òfin omi ọdún 1993 fi odò tí ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò tíì dá àwọn ọba àti olóyè etí odò lẹ́kun láti rán ikọ̀ sí ara wọn. Kí Ẹgbẹ́ yìí kọ ìwé ìpè, kí ẹ̀yin olóyè fi ọwọ́ sí i.

Omi kò ní ọ̀tá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa tí ń mu ún di ọ̀tá ara wa.