Àwọn Òṣìṣẹ́ Abẹ́ Ẹrẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a ti lò tán, tí a dà nù láìbìkítà, lè di ọ̀tá ẹni tí ó dà á.

Ní ìlú Ara, nítòsí Ẹdẹ, obìnrin tí ó bá rẹ ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe fùfú mọ̀ pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀gẹ́ yóò rọ̀, omi rẹ̀ yóò sì máa rùn. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú kò lè rí, tí à ń pè ní bakitéríà, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà láàyè láìsí afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń lò láti wẹ omi ìdọ̀tí mọ́.

Ohun méjì ni a fẹ́ mú kúrò. Èkíní ni náítírójìn, tí ń ti inú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹran wá. Bí ó bá di náítíréètì nínú kànga, tí ó ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó léwu fún ọmọ ọwọ́: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara bí ó ti yẹ. Èkejì ni súféètì, iyọ̀ tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní 1895, ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Beijerinck ṣàwárí bakitéríà tí ń fi súféètì mí dípò afẹ́fẹ́. Ní 1995, ní Delft kan náà, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn kan ń sọ amóníà di afẹ́fẹ́ náítírójìn tí kì í pani lára, tí ó sì ń fò padà sójú sánmà. Ní 2001, ní ilẹ̀ Sípéènì, a rí i tí amóníà àti súféètì jùmọ̀ ń dínkù nínú àgbá kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Nílé níhìn-ín, iṣẹ́ àkànṣe kan lórí ìdọ̀tí ilé ìpẹran Bódìjà ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Seed ní 2005. Ète rẹ̀ ni kí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ sọ ìdọ̀tí di gáàsì ìdáná, kí ìyókù sì di ajílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí a kò ṣọ́ lè ṣe iṣẹ́ dé ìdajì. Bakitéríà tí ó jẹ súféètì ń tú afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí ẹyin tí ó di ọ̀bu jáde. Májèlé ni. Bí ó bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tí kò gbọ́ òórùn á sì rò pé ewu ti kọjá. Ìdí nìyí tí àgbá rere fi ní ọ̀nà tí a ó fi gba afẹ́fẹ́ náà, tí a ó sì sọ ọ́ di ohun tí kò léwu.

Nítorí náà, kí ará Ara tó ní irú àgbá bẹ́ẹ̀, kí ó gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí jìnnà sí kànga, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣubú sínú kòtò tí a bò, kí ẹlòmíràn má ṣe kó sínú rẹ̀ láti gbé e láìní ohun èlò ìmí. Ẹni méjì ni ilé yóò sunkún lé lórí.