Wíwádìí Ẹgbẹ́ Aláàánú Kí A Tó Fi Owó Ránṣẹ́



Ọ̀ràn tí a pè yín jọ lé lórí ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe bóyá ó yẹ kí Kristẹni máa ṣe ìtọrẹ àánú. Èyíinì ti parí láàárín wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni bí a ti lè mọ ẹgbẹ́ tí ó ń fi owó àánú ṣe iṣẹ́ àánú, kí a sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń jẹ orúkọ náà lásán. Nítorí ní ìgbà tiwa yìí, ẹni tí ń tọrọ kì í sábà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́. Inú fóònù ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. A ó rí àwòrán ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn, a ó rí orúkọ ẹgbẹ́ kan tí a kò gbọ́ rí, a ó sì rí nọ́mbà àkáǹtì lábẹ́ rẹ̀. Opó tí ń ta ẹ̀kọ yóò yọ díẹ̀ nínú èrè ọ̀sẹ̀ rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì gbàdúrà lé e. Bí owó náà bá bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì, kì í ṣe opó náà nìkan ni ó pàdánù. Ọmọ mìíràn wà níbì kan tí ń ṣàìsàn ní tòótọ́, ẹgbẹ́ kan sì wà tí ń tọ́jú rẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá dé ọ̀dọ̀ opó náà, ilẹ̀kùn títì ni wọn yóò bá.

Àwọn kan a máa wí láàárín wa pé ẹni tí ó bá ti fi nǹkan fún Ọlọ́run, kí ó má ṣe wẹ̀yìn wò mọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejìlá. Ní ìgbà Jehoaṣi ọba, àwọn àlùfáà ń gba owó láti fi tún ilé Olúwa ṣe, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn kò tí ì tún ibi tí ó ya lára ilé náà ṣe. Nígbà náà ni Jehoiada gbé àpótí kan kalẹ̀, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà sì jùmọ̀ ń ka owó tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ènìyàn méjì ni ó ń kà á, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti inú tẹ́ḿpìlì. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nígbà tí ó ń kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ó mú arákùnrin kan tí àwọn ìjọ yàn mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ C.M.S. tí a dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1799, tí òjíṣẹ́ rẹ̀ Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1843, a máa tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún, a sì máa kọ iye owó tí a dá láti ibi gbogbo sínú rẹ̀, kí àwọn tí ó dá a lè kà á. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ohun tí a ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń fi orúkọ àwọn ẹgbẹ́ sínú ìwé ni Corporate Affairs Commission, èyí tí a ń pè ní CAC. Òfin ọdún 1990 ni ó dá a sílẹ̀, òfin mìíràn tí a fọwọ́ sí ní 2020 ni ó sì ń tẹ̀lé nísinsìnyí. Ẹnikẹ́ni lè lọ sí ojú ewé CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ kan, kí ó sì rí i bóyá ó wà nínú ìwé, láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́, èyíinì ni àwọn tí a fi ohun ìní rẹ̀ sí ìkáwọ́ wọn, ni òfin mọ̀. Nítorí náà orúkọ inú ìwé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà Incorporated Trustees, lẹ́yìn èyí ni orúkọ tí a mọ ẹgbẹ́ náà sí yóò tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ èyí lè wá a títí kí ó sì rò pé kò sí níbẹ̀.

Bí a bá ti rí orúkọ náà, kí a wo irú ìwé tí ó gbà. Nọ́mbà tí a fún àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́ a máa ní IT níwájú. BN sì ni ti orúkọ òwò. A ti rí àwọn tí ń pe ara wọn ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òrukàn, tí ìwé tí wọ́n ní kò ju ti orúkọ òwò lọ. Orúkọ òwò jẹ́ ti ẹni tí ó ni òwò. Èrè rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀, bí ti ẹni tí ń ta aṣọ ní ọjà. Lẹ́yìn èyí kí a wo ọjọ́ tí a kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ní òun ti ń bọ́ àwọn tálákà láti ogún ọdún wá, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé. Bí a bá rí i pé CAC kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ó sábà fà á ni pé kò mú ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ wá. Kí a má ṣe yára pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní olè. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí akọ̀wé wọn ti darúgbó, tàbí tí kò sí ẹni tí yóò san owó fún iṣẹ́ ìwé náà. Ṣùgbọ́n kí a béèrè.

Ibi tí ìwé ti CAC kù sí ni pé kò fi ìṣirò owó hàn wá. Nítorí náà ó kù sọ́wọ́ wa láti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà pé, Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣirò owó èṣí ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí kì í ṣe àrífín. Ẹgbẹ́ tí ó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí ti dá wa lóhùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, ọ̀nà náà rọrùn ju èyí lọ. Charity Commission ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1853. Ẹgbẹ́ aláàánú tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ lé ní 160,000, àwọn ìjọ tí àwọn ènìyàn wa dá sílẹ̀ níbẹ̀ sì wà lára wọn. Tẹ nọ́mbà ẹgbẹ́ náà, ìwọ yóò sì rí iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti orúkọ àwọn alágbàtọ́. Bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ kékeré, ìwọ yóò rí ìwé ìṣirò owó rẹ̀ pátápátá. Oṣù mẹ́wàá ni a fún wọn lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò wọn láti mú un wá. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Scotland àti Àríwá Ireland ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Kò sì di ìgbà tí ènìyàn bá wà ní London kí ó tó wò ó. Ẹni tí ó jókòó ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣe é.

Ti Amẹ́ríkà ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba yọ̀ǹda owó orí fún a máa kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Form 990 lọ́dọọdún, a sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn akọ̀ròyìn ProPublica ti kó o jọ síbi kan láti 2013. Iye tí a ń san fún àwọn olórí ẹgbẹ́ pàápàá wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Federal Trade Commission àti gbogbo ìpínlẹ̀ 50 pe ẹgbẹ́ mẹ́rin lẹ́jọ́, tí wọ́n ń tọrọ owó nítorí àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe. Cancer Fund of America ni a mọ̀ jùlọ nínú wọn. Ẹ̀sùn náà ni pé láti 2008 títí dé 2012 wọ́n gba owó tí ó ju mílíọ̀nù 187 dọ́là lọ, pé díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, àti pé àwọn tí ń darí ẹgbẹ́, àwọn ẹbí wọn, àti àwọn tí a háyà láti máa tọrọ owó ni ó jẹ ìyókù. Ní 2016 ẹjọ́ náà parí, a sì pàṣẹ kí a tú wọn ká.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní nọ́mbà, wọ́n sì ń kọ ìwé wọn lọ́dọọdún. Orúkọ wọn dàbí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rere tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mú kí ìwé náà dára lójú? Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn fi ẹrù tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 223 dọ́là lọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba sì ní ńṣe ni wọ́n fi èyí bu iṣẹ́ àánú wọn sí i, kí owó tí wọ́n ń jẹ lè dàbí ohun kékeré. Ó dàbí ẹni tí ó kó ẹ̀wù àkísà wá sí ilé Ọlọ́run tí ó sì ní kí akápò kọ mílíọ̀nù kan náírà sílẹ̀ fún òun. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìṣirò owó, ẹ béèrè èyí tí ó jẹ́ owó àti èyí tí ó jẹ́ ẹrù, àti ẹni tí ó dá iye lé ẹrù náà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 2013, ọdún méjì ṣáájú ẹjọ́ náà, àwọn akọ̀ròyìn Tampa Bay Times àti Center for Investigative Reporting ti ka àwọn ìwé wọ̀nyí kan náà, wọ́n sì ti tẹ orúkọ Cancer Fund of America mọ́ àwọn tí ó burú jùlọ. Ìwé náà ti wà ní gbangba. Àwọn tí ń kà á ni kò pọ̀.

Kí a má sì ṣe tìtorí èyí bọ́ sínú àṣìṣe mìíràn, bí àwọn tí ń wí pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń san owó oṣù kò dára. Nọ́ọ̀sì ní láti jẹun. Owó tí a san fún ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò kì í ṣe owó tí a jí.

Ohun kan kù tí kò rọrùn láti sọ níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò béèrè Form 990 lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìṣirò owó ìjọ kan níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má rí nǹkankan, kì í sì í ṣe pé ìjọ náà rú òfin. Àwọn alàgbà ìjọ bẹ́ẹ̀ ni yóò pinnu fúnra wọn bí wọn yóò tẹ ìṣirò wọn jáde. Àwa gbà pé ó yẹ kí wọn tẹ̀ ẹ́.

Ní ìkẹyìn, nígbà tí ẹ bá ti wádìí tán tí ẹ sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ nínú fóònù, ẹ má ṣe kánjú. Bí ẹ bá ti tẹ nọ́mbà àkáǹtì náà, tí í ṣe nọ́mbà mẹ́wàá ní àwọn báńkì wa, orúkọ ẹni tí ó ni ín yóò jáde kí owó tó lọ. Ẹ fi orúkọ náà wé èyí tí ẹ rí nínú ìwé CAC. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ni ó jáde dípò orúkọ ẹgbẹ́, ẹ dá owó náà dúró, kí ẹ sì pe ẹgbẹ́ náà lórí nọ́mbà tí ẹ fúnra yín wá rí, kì í ṣe èyí tí ó bá àwòrán ọmọ náà wá.