Ọrẹ Tí Kò Ní Ìṣirò: Àsọyé Lórí Ohun Tí Àwọn Àlejò Ń Wí Nípa Wa ní Lẹ́kí àti Ajah

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ni wọ́n wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti ìkángun Erékùṣù Victoria dé Lẹ́kí, dé Ajah, tí ó sì gba Ìbẹ̀jú kọjá lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ apẹja àti ilẹ̀ alágbọn ni nígbà àtijọ́. Lónìí, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ epo Chevron fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni a ṣí ibùdókọ̀ òkun ńlá ti Lẹ́kí àti ilé ìfọpo Dangote sí ní ọdún 2023. Iṣẹ́ wọ̀nyí àti irú wọn ni ó kó àlejò wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Amẹ́ríkà, láti Lẹ́bánónì, láti Íńdíà àti láti Ṣáínà, tí wọ́n ń gbé láàárín wa, tí wọ́n sì ń wo ìṣe wa.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àlejò wọ̀nyí. Èkíní ni pé olówó àti tálákà ilẹ̀ yìí ń bá ara wọn jà lábẹ́lẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn lójú. Èkejì ni pé ìwà jẹgúdújẹrá ti wọ àwọn aláṣẹ wa lẹ́jẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe èso méjèèjì ìṣáájú, ni pé bí àjálù bá dé, bí omi bá ya wọlé tàbí àrùn bá jà, kí ẹnikẹ́ni má fi owó rẹ̀ ṣòfò láti ran àwọn tí ó fara gbá a lọ́wọ́, nítorí pé ẹnu àwọn ọ̀gá ni yóò bá lọ. Èyí tí ó sì dùn wá jù ni pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí a gbójú lé pé wọn yóò máa ránṣẹ́ sílé, ti ń bá àwọn àlejò wí ohun kan náà.

Kí ni kí a ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan yóò wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi òwe yìí bo ohun tí àlejò rí, tí àwa onílé kò fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìjà olówó àti tálákà, a kò le ṣe aláìrántí Màrókò. Àwọn kan nínú àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti kọ́kọ́ ṣí kúrò ní Erékùṣù Victoria nígbà tí ìjọba ń kó yanrìn bò ó, kí òmìnira tó dé. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Ọ̀gágun Raji Rasaki, fún gbogbo ìlú náà ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n kó jáde, lẹ́yìn náà ni katakata wọlé. Iye ènìyàn tí a lé ni a ṣírò sí 300,000. Díẹ̀ nínú wọn ni ó rí àyè nínú àwọn ilé ìjọba tí a kò tíì kọ́ parí ní Ilasan àti Ikota. Àwọn tí ó pọ̀ jù lọ túká bí ẹ̀yẹ. Lónìí, ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó dúró níbi tí àwọn tálákà náà ń gbé.

A rò pé ojú wa kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, a tún dáná sun ilé, a sì wó ilé, ní Otodo Gbame, ìletò àwọn Ẹ̀gùn apẹja ní etí ọ̀sà Lẹ́kí. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, a parí iṣẹ́ náà. Àwọn tí a lé kúrò lé ní 30,000. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Adájọ́ Adéníyì OníGbànjo ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dá a pé kíkó ènìyàn jáde láìpèsè ibi tí wọn yóò lọ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ẹjọ́ ti dá, ṣùgbọ́n ilé ti wó.

Ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Keje ọdún 2017 kan náà, òjò ńlá rọ̀, omi sì ya wọ àwọn ilé ńláńlá ní Lẹ́kí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí ọkùnrin kan tí ń fi ọkọ̀ kékeré wà lójú pópó. Omi kò béèrè pé ta ni olówó, ta ni apẹja. Àwọn tí wọ́n ti mọ bí a ti í bá omi gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti lé lọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: olówó kò le dá ilẹ̀ náà gbé láìsí tálákà, tálákà pẹ̀lú kò sì le dá a gbé láìsí olówó.

Ní ti ìwà ìbàjẹ́, a kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni ó ń mú àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ọwọ́ tí ń gbà àti ọwọ́ tí ń fi fúnni. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Kellogg Brown & Root, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ ìlú wọn pé àwọn ti fi owó ra àwọn aláṣẹ Nàìjíríà kí àwọn le rí iṣẹ́ ilé gáàsì Bonny gbà; ìtanràn tí a bù fún wọn jẹ́ 402 mílíọ̀nù dọ́là. Bákan náà, owó tí Ọ̀gágun Sani Abacha kó jẹ, ta ni ó bá a tọ́jú rẹ̀? Àwọn ilé ìfowópamọ́ Yúróòpù ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Switzerland ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa fọwọ́ sí ìwé láti dá nǹkan bí 322 mílíọ̀nù dọ́là padà nínú rẹ̀, kí a pín in fún àwọn tálákà. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. A kò sọ èyí láti fi dá ara wa láre o; a sọ ọ́ kí àlejò tí ó ń bú wa le mọ̀ pé àwọn ará ilé tirẹ̀ náà jẹ nínú ọbẹ̀ ọ̀hún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ọrẹ. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn ilé ìfowópamọ́ kó owó jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní CACOVID, wọ́n sì ra oúnjẹ fún àwọn aláìní káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ológun yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ẹ̀hónú hàn péjọ sí ní ẹnubodè Lẹ́kí, níbi tí a ti máa ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n sì bá àpò oúnjẹ ìrànwọ́ náà níbẹ̀ ní òkítì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀.

Ìjọba wí pé a kò fi oúnjẹ náà pa mọ́, pé pípín rẹ̀ ni kò tíì parí. Ó le jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi gbà wọ́n gbọ́? Ìdí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Mẹ̀kúnnù kò mọ iye tí ó wọlé, kò mọ iye tí ó jáde, kò mọ iye tí ó kù àti ìdí tí ó fi kù. Bí a bá ti lẹ ìṣirò náà mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn náà má fọ́. Ọrẹ tí kò ní ìṣirò, bí a tilẹ̀ fi ọkàn mímọ́ ṣe é, ìjà ni í bí.

Èyí kì í ṣe àrùn tiwa nìkan. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ Ẹ̀bólà tí ó jà ní Gíní, Sàró àti Làìbéríà láti ọdún 2014 dé 2016, Àjọ Àgbáyé ti Alágbèélébùú Pupa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní ọdún 2017 pé ó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là tí ó ṣòfò sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì nínú owó ìrànwọ́ náà. Ẹ kíyèsí i: wọ́n jí owó náà, ṣùgbọ́n a kéde rẹ̀. Ìkéde yìí ni ó jẹ́ kí àjọ náà tún le nawọ́ sí àwọn olùtọrẹ láìsí ìtìjú.

Nítorí náà, a kò gba ìmọ̀ràn àlejò tí ó ní kí a má ṣe tọrẹ mọ́. Nígbà tí Màrókò fọ́, kì í ṣe àjọ àgbáyé kan ni ó kọ́kọ́ gba àwọn tí a lé sílé. Ìbátan, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ ni ó fi ẹní kan kún ẹní nínú yàrá kótópó. Irú ọrẹ báyìí ni ojú àlejò kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe àjèjì sí wa láti pa owó púpọ̀ pọ̀ kí a má sì jí i. Nínú èsúsú, olúkúlùkù mọ iye tí ó dá àti ọjọ́ tí yóò kó. A sì ń fi orí Alájọ Ṣómólú pa òwe títí di òní, nítorí pé owó olówó kò ṣì í lọ́wọ́. Ìwà yìí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé. Èéṣe tí alájọ inú ọjà fi le ṣe ìṣirò fún aláta, tí ẹni tí ó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí omi lé kò fi le ṣe é?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ dárí jì wá bí a bá yà sọ́dọ̀ yín. Ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa Èkó, pè, tí Herbert Macaulay sì bá a tẹ̀lé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú àti ti ẹbí, àti pé alágbàtọ́ ni olóyè jẹ́ lórí rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ yìí ni a fi jàre òyìnbó. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Bí olóyè bá jẹ́ alágbàtọ́ níwájú òyìnbó, alágbàtọ́ náà ni níwájú apẹja àti ayálégbé. Alágbàtọ́ tí kò sì ṣe ìṣirò ti di olówó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín láti Ìkàtẹ́ dé Ajah. Èkíní: kí a tó pín ọrẹ àjálù kankan, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó mú un wá, iye rẹ̀, àti ẹni tí a fi lé lọ́wọ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààfin níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Èkejì: kí ìgbìmọ̀ ìpín má ṣe jẹ́ ti ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé nìkan; kí ìyálọ́jà jókòó nínú rẹ̀, kí apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn jókòó nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta: kí ọgbọ̀n ọjọ́ má ṣe kọjá kí a tó ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, bí ohun kan bá ṣẹ́kù, kí a wí i, bí ohun kan bá sọnù, kí a má ṣe pa á mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Kí olóyè kankan má ṣe fọwọ́ sí títa ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ ibi tí wọn yóò gbà lọ. Nítorí pé àjálù kan ń bẹ tí ó ti ọ̀run wá, òmíràn ń bẹ tí ó ti ọwọ́ wa wá. Ẹni tí ó lé ọmọnìkejì rẹ̀ kúrò nílé, tí ó wá gbé àpò ìrẹsì tọ̀ ọ́ lọ lábẹ́ afárá, kò ṣe àánú. Gbèsè ni ó ń san díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá ṣe ohun mẹ́rin wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ àlejò yóò yí padà láìjẹ́ pé a bá a jà, àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun yóò sì tún la ọwọ́ wọn. Bí a kò bá ṣe é, kí a má ṣe bínú sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó rí. Kí Elédùmarè kí ó fún wa ní ìgboyà láti ka ìṣirò wa sókè.