Ìlà Tí Bàálù Ń Tọ̀ Lórí Máàpù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fídíò ìrìnàjò jẹun, ọ̀rọ̀ ìlà pupa yẹn ni mo bá wá, èyí tí ẹ máa ń fà lórí máàpù láti ìlú dé ìlú, tí bàálù kékeré á máa sáré lórí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Ó wà nínú fíìmù Raiders of the Lost Ark ní 1981. Irú rẹ̀ sì ti wà nínú Casablanca ní 1942.

Ẹ jẹ́ ká mú London sí Los Angeles. Bí ẹ bá fi rúlà so wọ́n pọ̀ lórí máàpù, àárín òkun Àtìláńtíìkì ni ìlà máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé lójú ọ̀nà yìí sábà máa ń rí yìnyín Greenland nísàlẹ̀. Awakọ̀ ò ṣìnà o! Ayé ló rí roboto. Ẹ na òwú sára ọsàn, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tó yá jù gba apá òkè lọ. Àwọn atukọ̀ òkun ni ayàmáàpù kan, Mercator, ya máàpù pẹlẹbẹ tirẹ̀ fún ní 1569. Títí dòní, ọ̀pọ̀ máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń tẹ̀lé e. Lórí rẹ̀, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi bí ìlọ́po 14 tóbi jù ú lọ. Àwa tí a ń ti Èkó lọ London kì í fura, torí pé gbọnrangandan ni ọ̀nà tiwa gba orí Sàhárà lọ sí àríwá.

Nítorí náà, ẹ má fún kọ̀ǹpútà ní ìlú méjì péré. Ẹ jẹ́ kó ṣírò ọ̀pọ̀ ojúàmì lórí ayé roboto, kó tó so wọ́n pọ̀. Kí imú bàálù náà máa yí tẹ̀lé ìlà. Mo ti rí èyí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ fò!

Tokyo sí Los Angeles tún ní ìdààmú tirẹ̀. Tokyo wà ní dìgírì 140 ní ìlà-oòrùn, Los Angeles wà ní 118 ní ìwọ̀-oòrùn, èyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ ní -118. Bó bá ń ka 140 bọ̀ wálẹ̀ dé -118, bàálù yín á gba Éṣíà, á gba àríwá Áfíríkà, á sọdá Àtìláńtíìkì. Ẹ fi 360 kún -118, kó di 242. Òkun Pàsífíìkì ló máa gbà wàyí.

Síbẹ̀, ìṣirò tó péye lè parọ́. Láti 2022 tí Rọ́ṣíà ti ti òfuurufú rẹ̀ mọ́ bàálù ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ìrìn Helsinki sí Tokyo, tí kì í ju nǹkan bíi wákàtí 9 sí 10 lọ tẹ́lẹ̀, ti di bíi 13. Kọ̀ǹpútà á ṣì fa ìlà yín gba Sìbéríà. Ẹ wá ọ̀nà tí bàálù yín tọ̀ gan-an, kí ẹ fọwọ́ tẹ ojúàmì rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orí Òpó Àríwá ló gbà, ẹ pa Mercator tì, torí Òpó Àríwá ò sí lórí rẹ̀ rárá. Ayé roboto, irú èyí tó wà nínú Google Earth Studio, lẹ máa lò.